Ulé Sẹ̀ríyà

Inú ti ń bí Àsíátù kí ọkọ̀ tó dúró. Láti Òyè títí dé Ayédé, ìlú Àsíátù, ni olùkọ́ rẹ̀, Dókítà Ọládiípọ̀, ti ń fi ìlú náà ṣe yẹ̀yẹ́, bí ẹni pé ọmọ tí wọ́n bí níbẹ̀ kọ́ ló jókòó tì í.

Ọdún 1964 ni. Yunifásítì ń ṣa àwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè jọ láti sọ wọ́n di olùwádìí: wọ́n á máa sanwó oṣù fún wọn, wọ́n á sì fi àgbà olùkọ́ kan ti ẹnì kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn. Àsíátù ọmọ Bùsàrí wọlé nítorí ó ní ohùn Èkìtì lòun fẹ́ ṣèwádìí rẹ̀. Gbogbo ará mọ́sáláásí ló bá a yọ̀. Àgbà tí wọ́n fi tì í lẹ́yìn, àṣé ṣe ni yóò tì í ṣubú! Ibikíbi tó bá kọ "ulé", ọkùnrin náà á fi yíǹkì pupa sọ ọ́ di "ilé". Ó ní bí kò bá gbà bẹ́ẹ̀, kó fi ètò náà sílẹ̀.

Sẹ̀ríyà, ìyá Àsíátù, jáde pàdé wọn tayọ̀tayọ̀.

"Ẹ kú àbọ̀ o! Ẹ kú uṣẹ́. Ẹ wọnú ulé."

Dókítà rẹ́rìn-ín. "Iṣẹ́, ìyá. Ilé. Ẹ sọ ọ́ dáadáa."

Wọ́n gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ kalẹ̀ láti gba ohùn Sẹ̀ríyà sílẹ̀. Sẹ̀ríyà wojú ọmọ rẹ̀, ó wojú ọ̀gá ọmọ rẹ̀. Ta ni yóò fẹ́ fi ẹnu ara rẹ̀ ba iṣẹ́ ọmọ rẹ̀ jẹ́? Ló bá ń sọ̀rọ̀ bí ará redíò: ilé, iṣẹ́, iṣu. "Uṣu" bọ́ lẹ́nu rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó sáré fọwọ́ bo ẹnu bí ọmọ tó jẹran inú ìkòkò.

"Ẹ ò rí i? Ó ti ń dùn létí," ni Dókítà wí.

Àsíátù nawọ́, ó pa ẹ̀rọ náà.

"Ohùn tí wọ́n torí ẹ̀ gbà mí lẹ ń pa mọ́ ìyá mi lẹ́nu yìí! Ẹ gbé ẹ̀rọ yín, kí ẹ jáde nínú ulé wa!"

Dókítà gbé ẹ̀rọ rẹ̀, ó jáde. Kí oṣù tó parí, wọ́n ti fi ẹlòmíràn rọ́pò Àsíátù. Inú bí i títí ó fi rù, ṣùgbọ́n ó gbé e mì, ó lọ ń ṣe tíṣà ní Ìkọ̀lé. Nígbà tí wọ́n gba ìsinmi, ó wá sílé.

"Káàbọ̀, ọmọ mi," ni Sẹ̀ríyà wí lẹ́nu ọ̀nà. "Wọnú ilé."

"Yèyé, ulé ni o."

Sẹ̀ríyà kọ́kọ́ wo ìta bóyá ẹnì kan ń gbọ́ wọn.

"Ilé," ló wí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.