Ìwé Mẹ́ta Tí Bàbá Mi Dì Fún Mi

Òjò àná pa àwọn ọmọ iléèwé. Ọ̀kan nínú wọn yà sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi, ó tú ìwé rẹ̀ kalẹ̀ kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí i. Bí òórùn bébà tútù yẹn ṣe dé imú mi, inú mi bàjẹ́ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Tísà ni bàbá mi, ní Òkèrèwè níbí. Ọdún gbọọrọ ló fi ń lọ láti agbolé dé agbolé, tó ń jókòó ti àwọn arúgbó, tó ń kọ oríkì agbolé wọn sílẹ̀. Màmá mi a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé àwọn ìyá arúgbó yẹn mọ̀ ọ́n ju ìyàwó rẹ̀ lọ. Nígbà tó kó oríkì wọ̀nyẹn jọ di ìwé, tí ìwé náà sì jáde, pẹlẹbẹ ni, a sì ń fi í ṣe fáàrí káàkiri àdúgbò.

Ẹni tó bá a tẹ̀ ẹ́ sọ fún un pé òfin ní kí wọ́n fi ẹ̀dà ìwé tuntun ránṣẹ́ sí ilé ìkàwé ìjọba àpapọ̀, pé wọn yóò tọ́jú rẹ̀ síbẹ̀ fún àwọn tí a kò tíì bí. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ bàbá mi lára. Ó di mẹ́ta pọ̀, ó ní kí n gbé e lọ sí posọ́fíìsì. "Má jẹ́ kí omi kàn án o."

Háà, èmi ọmọ yìí! Mo gbé e sílẹ̀ lójú ọ̀nà, mo ń bá àwọn ọ̀rẹ́ mi fo okùn. Àfi bí òjò ṣe dé lójijì. Kí n tó sáré padà, gọ́tà ti gbé e lọ. Ẹ̀rù ẹgba bà mí, mo délé, mo ní mo ti fi ránṣẹ́. Bàbá mi gbàdúrà fún mi títí ojú fi tì mí.

Àwọn tó yá ẹ̀dà ìyókù kò dá a padà, ikán sì jẹ èyí tó ṣẹ́kù sílé. Bàbá mi ò bìkítà. "Ó wà lọ́dọ̀ ìjọba," ló ń wí títí ó fi kú.

Àwọn agbolé ṣì wà níbi tí wọ́n wà. Ṣùgbọ́n ẹ ní kí ọmọ ilé kan ki ara rẹ̀, ìlà méjì ni yóò tán lẹ́nu rẹ̀. Àwọn arúgbó tó mọ ìyókù ti lọ, wọn ò sì ní padà wá.

Láàárọ̀ yìí, ọmọ mi obìnrin pè mí láti Àbújá. Ó ti lọ wá ìwé náà fúnra rẹ̀ ní ilé ìkàwé ọ̀hún. "Màmá, wọ́n bá mi wá a títí. Wọn ò rí orúkọ Bàbá àgbà rárá."

Èmi arúgbó, ta ni mo tún ń bẹ̀rù? Síbẹ̀, mo ní, "Sọ fún wọn kí wọ́n tún un wá dáadáa. Èmi gan-an ni mo gbé e lọ sí posọ́fíìsì."