Ẹ̀ṣẹ́ Ló Pa Micah, Kì í Ṣe Ọtí

Ẹnu géètì ni wọ́n ti lù ú pa. Ọ̀sán Sátidé tó kọjá ni, ní Òkè-Fìà, Òṣogbo, lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń ja ìjà ẹ̀ṣẹ́, níṣojú àwọn ọlọ́kadà àti àwọn tó tò láti ra tíkẹ́ẹ̀tì. Àwọn ẹ̀ṣọ́ mẹ́ta fi kòbókò àti kóńdó bo Micah Ògúnṣẹ̀yẹ títí orúnkún rẹ̀ fi yẹ̀. Nígbà tó ṣubú, ọ̀kan fi bàtà sójà tẹ̀ ẹ́ lọ́rùn, èkejì gbá a lórí. Ẹ̀jẹ̀ gba etí rẹ̀ jáde. Kí ló ṣe? Wọ́n ní ó ń ta gbọ̀ngbọ́n bọ̀ wá sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní ọtí ń pa á, wọ́n ní àwọn ènìyàn ńlá ń bọ̀.

Ẹ wá wo ohun tó wà lára ògiri lẹ́yìn wọn bí wọ́n ṣe ń nà án. Àwòrán Micah ni! Ó ga tó ilẹ̀kùn, ó ká ẹ̀ṣẹ́ méjèèjì sókè, wọ́n sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ gàdàgbà pé: Ẹ̀YIN AKỌNI WA, A KÒ NÍ GBÀGBÉ YÍN.

Abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò ni ọkùnrin yìí. Tó bá fẹ́, kí wọ́n tó gbé kóńdó kejì sókè, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ì bá ti máa wá eyín wọn nínú iyanrìn. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú, ó tẹ àgbọ̀n mọ́ àyà bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, ó sì ń gbà á. Alàgbà Nùrẹ́nì, òṣìṣẹ́ rélùwéè àtijọ́ tó kọ́ ọ níjà láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀, ló sáré jáde láti inú gbọ̀ngàn. "Ẹ fi í sílẹ̀! Micah ni! Ẹni tó wà lára ògiri yẹn ni ẹ̀ ń pa yẹn, ẹ̀yin ọmọ aláìlójú!" Ọ̀kan nínú wọn wo ògiri, ó wo ilẹ̀, ó ní, "Bàbá, irọ́ lẹ̀ ń pa. Ọ̀mùtí lèyí."

Ọ̀mùtí. Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú mi gbé kálàmù lónìí, ara mi sì ń gbóná.

Mo mọ Micah. Ìléṣà kan náà la ti wá, ilé wa kò jìnnà síra. Ṣọ́ọ̀ṣì tí wọn kì í ti fẹnu kan ọtí ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ ló ti ń kọrin báàsì nínú ẹgbẹ́ akọrin. Bó bá ń gbé ọmọ ọwọ́, àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ló máa ń tẹ́ sílẹ̀ gbalaja, bí ẹni tẹ́ ẹní. Mo bi í léèrè rí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bọ̀dá, mo máa ń bẹ̀rù kí n má baà gbàgbé ká ọwọ́ mi pọ̀ di ẹ̀ṣẹ́." Iléeṣẹ́ pákó ló ti ń jẹun, bó bá sì ti jáde níbẹ̀, ọkọ̀ Òṣogbo ló ń wọ̀, ó di ọ̀dọ̀ Alàgbà Nùrẹ́nì lábẹ́ ahéré páànù kan lẹ́bàá ojú irin. Àpò ìrẹsì tí wọ́n rọ ìyẹ̀fun pákó sí ni wọ́n fi ń kọ́ṣẹ́. Ìyẹ̀fun náà, Micah ló ń rù ú wá láti Ìléṣà.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe lu gbogbo ìpínlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló ṣe wọṣọ Nàìjíríà lọ sókè òkun. Níbẹ̀ ló ti pàdé òyìnbó kan tó ń jẹ́ Dennis. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: Micah nà án! Ó fi ẹ̀ṣẹ́ òsì gbé e nílẹ̀, nígbà tó dìde, ó tún fi ọ̀tún dá a padà. Imú òyìnbó yẹn fọ́ bí ẹyin. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó bi Alàgbà Nùrẹ́nì.

Nígbà tí Dennis délé, kí ni ìlú rẹ̀ ṣe fún un? Dókítà gba ìwé ìjà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n fi ẹ̀rọ wo inú orí rẹ̀, wọ́n ní kò gbọdọ̀ wọ ibọ̀wọ́ fún oṣù púpọ̀. Wọ́n ń bọ́ ọ, wọ́n ń sanwó fún ẹni tó ń kọ́ ọ. Ẹni tí wọ́n nà ni wọ́n ń tọ́jú bẹ́ẹ̀ o! Lónìí, Dennis ti gba bẹ́líìtì ayé, ó ní ilé ìkọ́jà tirẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ lórí tẹlifíṣàn, ahọ́n rẹ̀ já gaara.

Ẹni tó nà án ńkọ́? Ní Sátidé tó tẹ̀ lé ìgbà tó dé, wọ́n ti gbé e lọ jà ní Ìbàdàn. Sátidé kejì, Àkúrẹ́. Ta ló yẹ orí rẹ̀ wò? Ọkùnrin kan tó mú ìgò spírítì àti òwú dání ni wọ́n ń pè ní dókítà. Nígbà tí wọ́n ń lọ sókè òkun pàápàá, ìjókòó dókítà nínú bààlúù, àna ọ̀gá kan ló jókòó síbẹ̀, ó ń ya fọ́tò. Ẹ má sọ fún mi pé orílẹ̀-èdè wa kò lówó. Orílẹ̀-èdè tó ń wa epo rọ̀bì? Owó wà. Orí Micah ni kò tó ohun tí wọ́n ń náwó lé.

Nígbà tó yá, àwọn alágbàtà láti ìlú olówó bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Wọ́n ní àwọn ní ọmọkùnrin kan tí ń bọ̀ lókè, wọ́n ń wá ẹni tí yóò fi dánra wò, ẹni tí kò ní tètè ṣubú. Àwọn ọ̀gá eré ẹ̀ṣẹ́ wa ní, "A ní olórí líle kan." Wọ́n sọ orí ọmọ ọlọ́mọ di odó, ẹni tó bá ti ní ọmọ odó a wá gún tirẹ̀. Ṣé ẹ̀ṣẹ́ òyìnbó ló wá ń wúwo ju ti Ìjẹ̀ṣà lọ ni? Rárá o. Ẹni tí wọ́n ń tọ́jú ló ń bá ẹni tí wọ́n ń lò jà.

Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó jà kẹ́yìn ní Òṣogbo. Ẹ̀ṣẹ́ ti la ìpéǹpéjú rẹ̀, ẹnu rẹ̀ ti ya. Ẹ̀ṣẹ́ ń ró lágbárí rẹ̀, gbì, gbì, gbì, ọrùn rẹ̀ kò sì mọ ibi tí yóò yà sí mọ́. Nígbà ìsinmi, ó jókòó, ó bi Alàgbà Nùrẹ́nì pé, "Bàbá, ìlú wo la wà yìí?" Ojú bàbá náà yí padà. Ó mú táwẹ́ẹ̀lì, ó fẹ́ jù ú sínú agbo kí ìjà parí. Ọmọ iṣẹ́ alága àwọn ọ̀gá eré ẹ̀ṣẹ́ di ọwọ́ rẹ̀ mú: "Alàgbà, ẹ jọ̀ọ́, àlejò pàtàkì ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Ọ̀gá ní kó ṣì máa jà." Wọ́n já táwẹ́ẹ̀lì gbà. Micah tún dìde. Ìró tí orí rẹ̀ ró nígbà tó kọlu pákó, mo ṣì ń gbọ́ ọ.

Láti ọjọ́ náà ni ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n. Ahọ́n rẹ̀ wúwo, ó ń rìn tàgétàgé, ó ń bínú lójijì, ó ń sunkún lójijì. Àwọn ọmọ àdúgbò ń fi í kọrin. Iléeṣẹ́ pákó ní kó máa lọ, kí ayùn má baà gé e lọ́wọ́. Bàbá Amos, alàgbà ìjọ wọn, gbóòórùn ẹnu rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, kò gbọ́ òórùn kankan, síbẹ̀ ó yọ ọ́ kúrò nínú ẹgbẹ́ akọrin, ó tún ní kò gbọdọ̀ jẹ oúnjẹ alẹ́ Olúwa mọ́. Ó ní ọlọ́gbọ́n ọ̀mùtí ni, ó mọ bó ṣe ń fọnu.

Susannah ìyàwó rẹ̀ sọ fún mi pé, "Èmi náà ń gbóòórùn ẹnu rẹ̀, bọ̀dá. Lóru, bó bá sùn. Orín àtà nìkan ni mò ń gbọ́. Mo sì tún ń gbóòórùn rẹ̀ ní ọjọ́ kejì. Ẹ wo ohun tí wọ́n sọ mí dà sí ọkọ mi."

Èdè wa náà lọ́wọ́ sí i. Yorùbá máa ń sọ pé ọtí ń pa èèyàn. Ta ló sọ fún wa pé ẹ̀ṣẹ́ náà kì í pani bẹ́ẹ̀? Ẹ̀ṣẹ́ ló ń pa Micah lójoojúmọ́, tí à ń pè é ní ọtí. Ẹ̀ṣẹ́ ni o, ṣọ́ọ̀ṣì ní ẹ̀ṣẹ̀ ni.

Dókítà Láńrewájú, tó yẹ òkú rẹ̀ wò, kò fi bò. Ó wo ojú Susannah, ó ní, "Màmá, kò sí ẹ̀kán ọtí kan nínú ọkùnrin yìí. Ọpọlọ rẹ̀ ti bàjẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Àwọn tó wà lẹ́nu géètì parí iṣẹ́ ni, àwọn kọ́ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀."

Àwọn tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ńkọ́? Wọ́n bọ́ sórí rédíò, wọ́n ní "ọ̀mùtí kan" fẹ́ da ètò rú, àwọn kẹ́dùn pẹ̀lú ẹbí rẹ̀. Wọn kò dárúkọ rẹ̀! Ògiri wọn mọ orúkọ rẹ̀, ẹnu wọn kò mọ̀ ọ́n. Bàbá Amos gbọ́ rédíò náà, ó ní ìjọ àwọn kì í sin ọ̀mùtí, àti pé bí rédíò ìjọba bá ti sọ ọ́, òun kò lè sọ nǹkan mìíràn. Ẹni tí a ní kó kín ni lẹ́yìn ló fi ẹ̀gún sọ́wọ́ yìí. Bí mo ṣe ń kọ èyí, mọ́ṣúárì ni Micah ṣì wà.

Ohun tí mo ń béèrè rèé. Kí a gbé àwọn ẹ̀ṣọ́ mẹ́ta náà lọ síwájú adájọ́. Kí alága tó ní kí wọ́n já táwẹ́ẹ̀lì gbà wá sọ orúkọ àlejò pàtàkì náà fún wa, kó sì wá jẹ́jọ́. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wọ ibọ̀wọ́ mọ́ nípìínlẹ̀ yìí níbi tí kò bá ti sí dókítà tó lè dá ìjà dúró, bí ọba pàápàá ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé.

Susannah kò béèrè tó bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ Ajé ló ti lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì àwọn ọ̀gá eré ẹ̀ṣẹ́ ní Òkè-Fìà, bí àwọn baba wa òṣómàáló ṣe máa ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ajigbèsè títí yóò fi sanwó. Wọ́n gbé àga fún un, kò gbà. Wọ́n gbé àpò ìwé kan tó wú jáde, wọ́n ní owó ìsìnkú ni, kò wò ó.

"Ẹ gbé owó yín," ó ní. "Lọ́jọ́ Ìsinmi, ẹ wọ mọ́tò yín wá sí Ìléṣà. Ẹ dúró níwájú ìjọ, ẹ la ẹnu yín, kí ẹ sọ pé Micah kì í mutí. Títí ẹ ó fi sọ ọ́, òṣó ni màá ló."