Kọ̀ǹpútà Inú Ìkòkò

Ìkòkò tó wà ní kọ̀rọ̀ pálọ̀ yẹn, èyí tí o máa ń bi mí pé kí ló dé tí ihò fi yí i ká bí ajere, kò se oúnjẹ rí. Bàbá rẹ àgbà ló fi ń gbá bọ́ọ̀lù. Má rẹ́rìn-ín, máa kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́.

Ìkòkò ni mò ń tà nígbà náà, kì í ṣe pé o ò mọ̀. Láti Ìjẹ̀bú ni èmi àti ọkọ mi ti wá tẹ̀dó sí Warri yìí. Àwọn ọmọ wa ti dàgbà, wọ́n ti bá tiwọn lọ. Ìkòkò irin tí wọ́n ń rọ ni mò ń tà, mo sì ń ra páànù àtijọ́ àti ẹ́ńjìnnì tó ti kú fún àwọn tó ń rọ ọ́. Èmi ò mọ̀wé, ṣùgbọ́n bí mo bá fi èékánná kan ìkòkò lẹ́ẹ̀kan péré, mo ti mọ̀ bóyá ó ti sán.

Iṣẹ́ wẹ́dà ni bàbá rẹ àgbà ṣe ní Ekpan títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ọkùnrin tí kò bá níṣẹ́ mọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa yún un. Tirẹ̀ gbé e dé ṣọ́ọ̀bù gémù kan ní Okere, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń sanwó láti fi ìka gbá bọ́ọ̀lù lójú kọ̀ǹpútà. Òun tó ti hu irùngbọ̀n funfun náà jókòó tì wọ́n. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wà, atúkọ̀ ní Ugbuwangue létí omi, irun tirẹ̀ náà ti funfun. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ máa ń gbá a láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, tí wọ́n á máa bú ara wọn bí orogún.

Wàhálà Warri wá dé. Àwọn tó jọ ń pọnmi nínú kànga kan náà bẹ̀rẹ̀ sí í jólé ara wọn. Ọ̀nà Okere di ọ̀nà tí èèyàn ń gbà lọ tí kò mọ̀ bóyá òun á gbà á padà. Mo ní kí ọkọ mi má lọ mọ́, ó ní òun ti gbọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan mo ń gbọ́ ìbọn, kò sí nílé. Nígbà tó máa wọlé, bàtà ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló wọ̀.

Mo ní, “Bàtà yín kejì dà?”

“Ó wà lójú títì.”

“Ìbọn ni mo gbọ́ yẹn?”

“Ìbọn ni. Mo ti fi góòlù méjì ṣáájú kó tó dún. A ò rí i parí.”

Mo wo ẹsẹ̀ òfìfo yẹn. Mo mọ̀ pé bí mi ò bá tètè wá nǹkan ṣe, màá di opó nítorí bọ́ọ̀lù tí kò ní afẹ́fẹ́ nínú. Lèmọ́mù mọ́ṣáláṣí wa bá a sọ̀rọ̀. Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀, ó dúpẹ́, lọ́jọ́ kejì wọ́n tún rí i ní Okere. Mo wá rò ó pé ewúrẹ́ tí kò bá yéé lọ jẹko olóko, ká kúkú gé ewé náà wá bá a nílé.

Ọmọbìnrin kan wà tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi. Mo lọ bá a. Ó ní, “Mama, na you wan play game?” Mo ní, “Na my husband.” Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi gbé irin ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Kọ̀ǹpútà tó lè gbé bọ́ọ̀lù yẹn dáadáa, owó odidi rẹ̀ kò ṣé fojú wò. Owó èésú tí mo kó, tí mo fẹ́ fi tún òrùlé ilé ìdáná tó ń jò ṣe, ló wà lọ́wọ́ mi. Ọmọbìnrin náà ní bí mo bá lè ra ẹ̀yà ara rẹ̀ lẹ́yọ lẹ́yọ ní àlòkù, òun á bá mi tò ó. Ó fẹ́ kọ orúkọ wọn sínú ìwé fún mi. Mo ní rárá o. Ọlọ́jà tó bá rí i pé ìwé lo gbé dání tí o ò sì lè kà á, ohun tó bá wù ú ló máa dì fún ọ. Mo ní kó sọ iṣẹ́ tí kálukú ń ṣe, èmi fúnra mi á fi wọ́n sípò.

Ó ní mọ́dábọ́ọ̀dù ni gbogbo wọn máa jókòó lé. Mo ní ìyálé nìyẹn. Ó ní pùrósẹ́sọ̀ ló ń ro gbogbo èrò. Mo ní baálé ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nílé tèmi ìyálé ló ń rò ó. Ráàmù, bó bá ṣe pọ̀ sí i ni ara ilé á ṣe yá sí i: àwọn ọmọ nìyẹn. Páwà páàkì ló ń pín iná fún gbogbo wọn, bí ìyá alásè tó ń bu oúnjẹ. Ó wá kan káàdì tó ń ya àwòrán. Ó ní òun ló wọ́n jù, òun ló ń jẹ iná jù, ara rẹ̀ tún máa ń gbóná, ó ní fáànù tirẹ̀ lọ́tọ̀. Mo ní má ṣàlàyé mọ́, ìyàwó kékeré nìyẹn.

Ó wá kìlọ̀ fún mi pé kì í ṣe gbogbo baálé ni gbogbo ìyálé ń gbà. “If dem no gree for each other, e no go on.” Ìyẹn ò le láti yé mi. Nínú ìlú tó rí bẹ́ẹ̀ gan-an ni mò ń gbé.

Mo dé ọ̀dọ̀ ọkùnrin tó ń ta àlòkù, mo nawọ́ sí káàdì kan, mo bi í bóyá ìyálé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lè gba ìyàwó kékeré yẹn mọ́ra. Ó wò mí, ó wo ẹ̀yìn mi bóyá ẹnì kan bá mi wá. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa di ọ̀sán, òun náà ti ń pè é bẹ́ẹ̀. “Mama, dis iyale old, e no go carry dat small wife. Reduce the wife.” Mo dín ìyàwó kù, mo fi owó rẹ̀ kún ọmọ.

Ó ku ìyá alásè, páwà páàkì yẹn. Ọmọbìnrin yẹn ti sọ fún mi pé èyí tó bá wúwo ló dára, nítorí bàbà inú rẹ̀. Ọkùnrin náà gbé ọ̀kan lé mi lọ́wọ́, ó wúwo bí òkúta. “Original,” ló wí. Mo fi èékánná kàn án. Ohun tó ní ihò nínú, tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá, ó yẹ kó dún kọ̀n-ìn. Èyí dún bù. Ohùn yẹn kì í ṣe àjèjì sí mi, ọmọ mi. Àwọn tó ń ta ẹ́ńjìnnì àtijọ́ fún mi, iyanrìn ni wọ́n máa ń dì sínú rẹ̀ kó lè tẹ̀wọ̀n. Mo ní kó tú u. Ó ní a kì í tú u. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì rẹ̀, mo ní mo ti kírun ọ̀sán, mi ò kánjú. Nígbà tó tú u, sìmẹ́ńtì tó ti gan bí búlọ́ọ̀kù ló wà níbẹ̀.

Mo ní, “Oga, na house you dey build?”

Ó ní, “Na so dem bring am come, Mama.” Ó wọ ẹ̀yìn lọ, ó gbé òmíràn wá. Mo kàn án, ó dún kọ̀n-ìn.

Ohun tó kù ni mónítọ̀ tí àwòrán ń jáde lójú rẹ̀, pádì tí wọ́n ń fi ọwọ́ tẹ̀, àti àpótí tí gbogbo ìdílé náà máa gbé inú rẹ̀. Ó bi mí pé ṣé pádì méjì ni. Mo ní ọkọ mi kò ju ẹyọ kan lọ, kó fún mi ní ẹyọ kan. Ní ti àpótí, owó ti tán. Mo ní mo ní ìkòkò nílé.

Ọmọbìnrin náà wá sílé wa láti tò ó, ó dúró ti ìkòkò náà. “Mama, dis na pot.”

“I know. Na me dey sell am.”

Ó ní irin kò gbọdọ̀ kan ìdí ìyálé, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á jó. Mo wá bàtà kan tó ṣẹ́kù nínú bàtà ọkọ mi, rọ́bà ni ìdí rẹ̀, a gé e, a tẹ́ ẹ sábẹ́ rẹ̀ bí ẹní. Ọkọ mi fúnra rẹ̀ ló lu ihò sára ìkòkò náà kí atẹ́gùn lè máa wọlé. Nígbà tí bọ́ọ̀lù jáde lójú mónítọ̀, ó kí mi bí ẹni tó kí ọba.

Ọjọ́ méjì ló fi gbá a. Ní ọjọ́ kẹta mo bá a lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wọ bàtà tuntun tí mo rà fún un.

“Níbo?”

“Okere.”

“Kí ló wà ní Okere tí kò sí nínú ìkòkò yìí?”

“Mo fi mẹ́sàn-án na ẹ̀rọ yìí láàárọ̀. Kò bínú. Kò sọ pé mo rẹ́ òun jẹ. Kò bú bàbá mi.”

“Ṣé kí n wá máa bú bàbá yín ni?”

“O ò mọ̀ ọ́n bú.”

Mo wá rí àṣìṣe mi. Mo kó odidi ìdílé jọ, mi ò ra orogún. Mo na ẹsẹ̀ mi méjèèjì sójú ẹnu ọ̀nà, mo jókòó síbẹ̀. Ọkọ mi ò ní dá èèyàn kọjá láéláé, ẹ̀kọ́ ilé wọn ò gbà á. Ibẹ̀ ni mo wà títí obìnrin tó ń gbé ẹja wá láti Ugbuwangue fi kọjá. Mo ní kó bá mi sọ fún atúkọ̀ yẹn pé kó jọ̀ọ́, kó wá bú ọkọ mi nílé.

Ó dé lọ́jọ́ kejì, ó so àpò ọ̀rá mọ́ inú síńgílẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Pádì kan ló wà nínú rẹ̀. Onígémù Okere ti ń palẹ̀ ẹrù mọ́ kó sá lọ, ọwọ́ rẹ̀ ló ti rà á. Wọn ò tiẹ̀ kí ara wọn. Ó jókòó, ó ní, “You still dey alive, old thief?” Ojú ọkọ mi wálẹ̀. Ọjọ́ mélòó kan ni mi ò ti rí i kó rí bẹ́ẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ yẹn ni ìbọn bẹ̀rẹ̀, ìjọba sì fòfin de ìrìn. Àlejò mi ò rí ibi kankan lọ fún ọjọ́ mọ́kànlá. Bí ìbọn bá ti súnmọ́, àwọn méjèèjì á dojú bolẹ̀ nílẹ̀ pálọ̀, wọn ò ní fi pádì sílẹ̀, wọ́n á gbójú sókè díẹ̀ kí wọ́n lè máa rí mónítọ̀. Ẹ̀gúsí mi tán, gààrí mi tán. Òjò rọ̀, ilé ìdáná ń jò, ìkòkò kan ṣoṣo nílé tó tóbi tó láti gbe omi náà wà ní pálọ̀, ó ń gbá bọ́ọ̀lù.

Àwọn ṣọ́jà wá yẹ ilé wò lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ọ̀kan nínú wọn rí ooru tó ń jáde lára ìkòkò, ó ṣí ìdérí rẹ̀. Mo rò pé ìrẹsì ló fojú sọ́nà fún. Ó wò ó títí.

“Mama, wetin be dis?”

“Na ball.”

Ó dé e padà jẹ́jẹ́. Ó yíjú sí àwọn àgbà méjì tó wà nílẹ̀. “Who dey win?”

Atúkọ̀ ní, “Na me.”

Ọkọ mi ní, “Na lie.”

Nígbà tí ọ̀nà là, àlejò fẹ́ máa lọ. Ó fi pádì rẹ̀ sílẹ̀ sórí ìkòkò, ó ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án títí òun á fi padà. Ọkọ mi dìde láti sìn ín. Mo mọ bí ó ṣe ń sin èèyàn: ó lè sìn ín dé etí omi ní Ugbuwangue. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mò ń wò wọ́n.

Ó sìn ín dé etí gọ́tà iwájú ilé. Wọ́n bú ara wọn níbẹ̀ díẹ̀ sí i, èkejì sì lọ. Ọkọ mi padà wọlé, ó bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà. Mo wò ó. Méjèèjì ni.