Àìṣát àti Ilé Ìwé tí Kò Fẹ́ Kí Ẹnikẹ́ni Gbọ́

Ẹni tó bá ti pẹ́ ní Peckham nílẹ̀ òyìnbó níbí mọ̀ pé Kánsọ́lá ni wọ́n ń pè mí, bẹ́ẹ̀ n kò du ipò kankan rí. N kò lọ yunifásítì. Orí tí Ọlọ́run fún mi ni yunifásítì mi. Láti Elephant and Castle títí dé Lewisham, kò sí ilé ìwé tí mo máa kọjá níwájú ẹ̀ tí ọ̀gá ibẹ̀ kò ní sáré jáde wá kí mi. Ẹ wá wò ó: irú èmi yìí ni ilẹ̀kùn mi kọjú sí ti Àìṣát, tí obìnrin náà sì ń wá ilé ìwé girama fún ọmọ ẹ̀, tí kò bi mí ní nǹkan kan. Ó ṣì ń bí mi nínú.

Kì í ṣe ọ̀lẹ o. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ló ti ń ṣiṣẹ́, òun nìkan ló sì ń tọ́ Rahmah ọmọ ẹ̀. Ìwà kan ló ní tó ń sú mi: kì í sọ nǹkan. Bó bá rìnrìn àjò, ìgbà tó bá dé la máa ń gbọ́. Nígbà tó lóyún Rahmah, mo rò pé iyán ló ń jẹ jù ni, àfi bí wọ́n ṣe pè wá sí ìsọmọlórúkọ.

"Ẹnu ayé ò dáa, Bàbá," bó ṣe máa ń wí nìyẹn. "Ẹ jẹ́ kó bọ́ sí i ná."

Akádẹ́mì kan ló fọkàn sí. Ìjọba ló ń sanwó ibẹ̀, òbí kì í san kọ́bọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe káńsù, ìjọba ìbílẹ̀ wa, ló ń darí ẹ̀. Wọ́n ní òfin tiwọn tí wọ́n fi ń gba ọmọ. Ibẹ̀ gan-an ni àwọn èèyàn wa ti ń ṣubú! Wọ́n á kọ orúkọ ilé ìwé ránṣẹ́ sí káńsù, wọ́n á fọwọ́ lẹ́rán. Akádẹ́mì tí mo ń wí yìí ní ìdánwò tí òbí fúnra ẹ̀ gbọ́dọ̀ forúkọ ọmọ sílẹ̀ fún. Kì í ṣe olórí pípé nìkan ni wọ́n ń wá; wọ́n ń pín àwọn ọmọ sí ìsọ̀rí ni, wọ́n á wá mú nínú ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tí kò bá ṣe é, ẹ̀yìn pátápátá ló ń lọ.

Àìṣát lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún àwọn òbí. Ó rí kóòtù aláwọ̀ àlùkò, ó rí àwọn ọmọ tó ń ta gòjé òyìnbó, ojú ẹ̀ ti yó. Bí ọ̀gá ṣe fẹ́ ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń gba ọmọ, ta ló wọlé? Agnes, ọmọ ìjọ aláṣọ funfun tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tí Inúmidùn ọmọ ẹ̀ wà ní kíláàsì kan náà pẹ̀lú Rahmah. Àìṣát fa ìborùn bojú, ó gba ọ̀nà kíṣìnì jáde. Torí kí Agnes má baà mọ ibi tó ń wá fún ọmọ! Kò gbọ́ nǹkan kan nípa ìdánwò.

Láàárọ̀ Sátidé kan, gbogbo wa pàdé nínú lífítì ilé wa.

"Mummy Inúmidùn, ibo láàárọ̀ yìí?" ni Àìṣát bi Agnes.

"Lewisham ni. A fẹ́ ra bàtà. Ẹ̀yin náà ńkọ́?"

"Mílíìkì lásán ni."

Pẹ́ńsù ló wà lọ́wọ́ ọmọ Agnes. Ta ló ń mú pẹ́ńsù lọ ra bàtà? Mo kàn ń wò wọ́n.

Lọ́jọ́ Ajé, mo ń bá Àìṣát tún ẹ̀rọ omi ẹ̀ ṣe nígbà tí Rahmah wọlé, tó ju báàgì sílẹ̀. "Mummy, not fair o! Inúmidùn ti ṣe test akádẹ́mì yẹn lọ́jọ́ Sátidé. Èmi ńkọ́?"

"Test wo?" Àìṣát jókòó wọ̀ọ̀. "Yéè! Mo ti ba ti ọmọ mi jẹ́."

"O ò bi mí!" ni mo wí.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra. Agnes á gbọ́."

"Kó gbọ́!" Mo jáde, mo gbá ilẹ̀kùn Agnes títí ó fi ṣí i.

Nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀, ó pariwo. "Ṣé ẹ ò tíì forúkọ sílẹ̀ ni? Mo rí yín tẹ́ ẹ gba kíṣìnì jáde. Mo ní èmi lẹ ń sá fún, ni mo bá dákẹ́."

"Ẹ̀yin lẹ ní bàtà lẹ fẹ́ rà!" ni Àìṣát tó ti tẹ̀ lé mi wí.

"Ẹ̀yin náà lẹ ní mílíìkì!"

"Ọmọ ńkọ́?" ni mo figbe ta. Inú bí mi débi pé wọ́n gbọ́ ohùn mi ní Nunhead.

Agnes mí kanlẹ̀. "Ìdánwò kejì wà fún àwọn tí kò rí àyè wá. Ẹ pè wọ́n lọ́la kí wọ́n tó ti ìforúkọsílẹ̀."

Àìṣát pè wọ́n. Èmi ni mo dúró tì í. Ohùn mi tí wọ́n ń gbọ́ lẹ́yìn ẹ̀ ni wọ́n bẹ̀rù tí wọ́n fi gbà. Rahmah ṣe ìdánwò.

Nígbà tí èsì dé lóṣù kẹta, akádẹ́mì mú Rahmah. Ilé ìwé kan ní Nunhead ni wọ́n fún Inúmidùn.

"Ẹ rí i bí, Bàbá Kánsọ́lá?" ni Agnes wí. "Ká ní mo panu mọ́ ni."

Mo ṣàlàyé títí ẹnu fi ń ro mí. Ìsọ̀rí Inúmidùn ló kún, ìsọ̀rí míì ni Rahmah wà. Ẹnikẹ́ni ò gbàyè ẹnikẹ́ni. Mo ní kó gba ti Nunhead, kí ọmọ má baà wà láìní ilé ìwé, kó sì ní kí akádẹ́mì fi orúkọ ẹ̀ sára àwọn tó ń dúró de àyè. Gbígbà kò ba dídúró jẹ́. Agnes ò gbọ́. "Ẹ̀yin gan-an lẹ wá kan ilẹ̀kùn mi," ló ń wí ṣáá.

Àìṣát kò tún bi mí. Ó gba àyè níbi iṣẹ́, ó wé ìborùn, ó lọ kan ilẹ̀kùn náà fúnra ẹ̀.

"Mummy Inúmidùn, ẹ bọ́ síta. Ẹ jẹ́ ká lọ wo ti Nunhead lónìí tí iṣẹ́ ń lọ níbẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Ibẹ̀ la ó gbà dé akádẹ́mì, kí wọ́n kọ orúkọ Inúmidùn mọ́ àwọn tó ń dúró de àyè. Èmi ni n ó máa béèrè."

Agnes wọlé lọ mú báàgì.

Èmi náà dé fìlà.

"Rárá o, Bàbá," ni Agnes wí. "Ẹ dúró sílé. Bí àwọn ọmọ bá ṣáájú wa dé, ẹ ṣílẹ̀kùn fún wọn."