Ọta Irin Tó Wà Nínú Itan Aránṣọ

Ara mi kì í balẹ̀. Ìyá mi máa ń sọ pé nígbà tí òun lóyún mi, òun kò lè jókòó jẹun tán, pé àtinú oyún ni mo ti ń wá ibi tí màá lọ. Lásìkò tí mo ń sọ yìí, lẹ́yìn ọdún 1990 díẹ̀, tí àwọn ológun ṣì wà lórí oyè, mò ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ìwà ọ̀daràn ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní Ọ̀jọ́, Ìbà ni mo sì ń gbé. Ẹsẹ̀ ni mo sábà máa ń fi rìn láti Ìyànà Ìbà délé. Kì í ṣe pé mi ò rówó ọkọ̀, mi ò lè dúró de ọkọ̀ ni.

Nínú gbogbo ohun tí wọ́n ń kọ́ wa, ti ìbọn ló wọ̀ mí lọ́kàn jù. Ọ̀gá ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìn tì ni olùkọ́ wa, ọkùnrin kúkurú kan tí kì í gbóhùn sókè. Nígbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́, bí wọ́n bá yọ ọta lára ènìyàn, òun ni wọ́n máa ń gbé e fún kó sọ ìbọn tó ti jáde. Ó kọ́ wa pé inú ọ̀pá ìbọn ìgbàlódé kò dán, pé ìlà wà níbẹ̀ tó lọ́ pọ̀ bíi ti ọrùn ìgò onídèérí, pé ìlà náà máa ń há ọta lára bó bá ti ń jáde, kò sì sí ìbọn méjì tí ìlà wọn bára mu délẹ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ọta méjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, inú ìwé la ti ń rí àwòrán rẹ̀, fọ́tòkọ́pì náà sì ti dúdú débi pé ìdí ìkòkò ló jọ. Awò kékeré tí àwọn tó ń tún aago ṣe máa ń fi sójú làwa ń lò. Mo ra tèmi, mo sì ń gbé e kiri nínú báàgì bí ẹni gbé góòlù.

Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn ẹ̀kọ́ náà ni pé kò gba àríyànjiyàn. Nílé wa, kò sí ọ̀rọ̀ tí kò ní "bóyá" nínú. Ní kíláàsì yẹn, irin á sọ tirẹ̀, ọ̀rọ̀ á sì tán síbẹ̀.

Ọdẹ ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi, òun ló tọ́ mi lẹ́yìn tí bàbá mi kú. Bàbá ni mo ń pè é. Ṣakabùlà ni ìbọn rẹ̀, èyí tí wọ́n máa ń ti ẹnu rẹ̀ ki ẹ̀tù àti ọta sí, orí ìṣó ní pálọ̀ ló sì máa ń wà. Òun ni ọ̀tún olórí ọdẹ ní Ìbà nígbà náà. Olùkọ́ mi mọ̀, ó sì máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú kíláàsì pé èmi nìkan ni akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n fi ìbọn rẹ̀ lẹ́kún.

Ọ̀rẹ́ Bàbá kan kú lọ́dún yẹn, ọdẹ àgbà bíi tirẹ̀. Àwọn méjèèjì ti jọ ń ṣọdẹ láti ìgbà tí igbó ṣì pọ̀ láàárín Ìbà àti Ìjànìkín. Lọ́dọ̀ àwọn ọdẹ wa, bí ọ̀kan nínú wọn bá kú, ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kan ìbọn rẹ̀. Ibi tó gbé e kọ́ ló máa wà títí di ọjọ́ ìsìnkú. Lọ́jọ́ náà ni àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin máa gbé e sọ̀ kalẹ̀, tí yóò sì yìn ín sókè pẹ̀lú ti àwọn ọdẹ yòókù. Ẹ̀tù lásán ni wọ́n máa ń ki sínú ìbọn lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tó máa ń fi ọta sí i, torí ariwo ni wọ́n fẹ́. Àkọ́bí olóògbé yìí kì í ṣe ọdẹ. Rédíò àti tẹlifísàn ló ń tà ní Alàbà, bó sì ṣe gbé ìbọn náà lé èjìká lọ́jọ́ yẹn, àfi bí ẹni gbé àkàbà.

Mo wà níbẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Gbogbo ìbọn dún lẹ́ẹ̀kan, èéfín bo ojú ọ̀nà. Nígbà tí èéfín máa fi ká, obìnrin aránṣọ kan tó ní ṣọ́ọ̀bù lódìkejì ti ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ rẹ̀, ó di itan mú. Kò kígbe. Ó kàn ń wo ẹ̀jẹ̀ tó ń gba àárín ìka rẹ̀ jáde, ó ń bi àwọn tó sáré lọ bá a pé ta ló da omi sí òun lára.

Ìbọn ẹnìkan ní ọta nínú, ẹni náà sì ti yìn ín wálẹ̀ dípò òkè. Bàbá ló dúró síhà tó kọjú sí ṣọ́ọ̀bù náà, àkọ́bí olóògbé sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bàbá làwọn ẹ̀gbọ́n aránṣọ náà nàka sí. Nígbà tí ọlọ́pàá dé, wọ́n bi í bóyá ìbọn rẹ̀ ni. Ó dákẹ́. Ìyá mi ní, "Bọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀rọ̀." Kò wo ojú rẹ̀. Ó gbé ìbọn rẹ̀ fún wọn, ó sì ṣáájú wọn wọnú ọkọ̀. Ní téṣàn, wọ́n sọ fún wa pé bí obìnrin náà bá kú, ẹjọ́ ìpànìyàn ni, bí kò bá sì kú, ẹ̀wọ̀n ṣì wà níbẹ̀.

Inú bí mi gan-an. Mo mọ̀ pé àwọn ọdẹ kì í tú àṣírí ara wọn, mo sì gbà lọ́kàn mi pé ìmùlẹ̀ wọn ló ń dá a lẹ́nu dúró. Mo sọ fún ìyá mi pé bí wọ́n bá fẹ́ fi ẹ̀gbẹ́ ọdẹ sin Bàbá lóòyẹ̀, èmi ò sí níbẹ̀. Mi ò lè jẹun. Mo jáde nílé, mo rìn títí mo fi bá ara mi ní Òkòkómáíkò, láàárín àwọn tó ń pe èrò sọ́kọ̀. Mo dúró níbẹ̀, mi ò mọ ohun tí mo wá ṣe, mo tún yí padà. Ojú mi ò kúrò lára Bàbá tó jókòó sórí sìmẹ́ńtì. Ẹ̀rù bà mí pé ibẹ̀ ló máa kú sí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ti dúró sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì olùkọ́ mi kó tó dé. Mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un. Mo ní kó jọ̀ọ́, kó bá wa wo ọta náà, kó sọ ìbọn tó ti jáde.

"Ìbọn wo ni?"

"Ṣakabùlà ni gbogbo wọn, sà."

Ó mi orí. "Ṣakabùlà ò ní ìlà nínú, màdáámù. Inú ẹ̀ dán bíi páìpù omi. Kò lè kọ nǹkan kan sára ọta."

Mo bi í pé kí wá ni àǹfààní gbogbo ohun tó ń kọ́ wa látọjọ́ yìí. Ọ̀rọ̀ àfojúdi ni, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ó ti jáde lẹ́nu mi. Kò bínú. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún.

"Wàhálà tìẹ ni pé o máa ń yára jù. Bí ìbọn ò bá lè sọ̀rọ̀, ẹni tó ṣe ọta ńkọ́? Kí ni dókítà yọ lára obìnrin yẹn?"

Mi ò tíì bi ara mi léèrè. Àwọn ọdẹ wa kì í ra ọta, fúnra wọn ni wọ́n ń ṣe é, oníkálukú sì mọ bó ṣe ń ṣe tirẹ̀. Òjé inú bátìrì ọkọ̀ tó ti kú ni Bàbá máa ń yọ́, á dà á sínú ihò kéékèèké tó gbẹ́ sára amọ̀. Láti kékeré ni mo ti ń bá a ṣà wọ́n nílẹ̀. Ọta rẹ̀ wúwo, ó rọ̀, ó sì rí róbótó.

Orí bá mi ṣe é, ìsípẹ́kítọ̀ tó ń bójú tó ẹjọ́ náà ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ olùkọ́ mi rí. Ó gbà fún wa láti wo ọta náà níwájú rẹ̀. Inú ìgò oògùn kékeré kan ni wọ́n fi í sí. Irin ni, kì í ṣe òjé. Wọ́n gé e lára róòdù táwọn bíríkìlà fi ń kọ́lé. Olùkọ́ mi wò ó pẹ́, ó wá gbé awò fún mi. Lójú ibi tí wọ́n ti gé irin náà, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan là á kọjá, tó yọ sókè díẹ̀.

"Ẹnu ṣísẹ́lì tí wọ́n fi gé e ti kán níbì kan," ni olùkọ́ mi wí. "Gbogbo ohun tí ṣísẹ́lì yẹn bá gé ló máa ní ìlà yìí lára."

Mo sọ fún ìsípẹ́kítọ̀ pé Bàbá kì í fi irin yìnbọn, pé kó wá sílé wa wá wo ọta rẹ̀. Ó ní Bàbá lè gba ọta lọ́wọ́ ẹlòmíì. "Ẹ wá ẹni tó ni irin yìí fún mi, ká tó sọ̀rọ̀."

Kí n tó jáde ní téṣàn ni mo ti mọ ẹni náà. Olóògbé fúnra rẹ̀ ni. Òun ló máa ń jókòó sẹ́yìnkùlé wa, táá máa fi ṣísẹ́lì gé róòdù, táá sì máa bú Bàbá pé ọta òjé kò yàtọ̀ sí ẹ̀bà, pé ọ̀lẹ ló ń ṣe é. Àpò ọdẹ rẹ̀ ṣì wà nílé rẹ̀, wọ́n kó o jọ pẹ̀lú àwọn ẹrù yòókù de ìṣípà, ìyẹn ọjọ́ tí àwọn ọdẹ máa gbé ẹrù òkú ọdẹ lọ sínú igbó, tí ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ fojú kàn án mọ́. Ìṣípà náà ò ní pẹ́ mọ́. Mo fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ lọ sí Alàbà.

Àkọ́bí olóògbé dìde bó ṣe rí mi. Ojú rẹ̀ pọ́n. "Bàbá ńkọ́? Ṣé wọ́n ti fi wọ́n sílẹ̀?"

"Wọn ò tíì fi wọ́n sílẹ̀, Bọ̀dá. Mo fẹ́ rí àpò ọdẹ bàbá yín."

Kò bi mí nídìí. Ó ti ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án gangan, a gun ọ̀kadà lọ sí Ìbà. Ó tú àpò náà sórí ẹní, ègé irin díẹ̀ bọ́ sílẹ̀. Mo gbé awò sójú. Ìlà náà wà lára gbogbo wọn.

Ká má purọ́, inú mi dùn. Nígbà tí mo gbójú sókè, tí mo rí bó ṣe ń wò mí, ni mo rántí pé bàbá rẹ̀ ló ni irin, òun ló sì yìn ín.

"Bọ̀dá, ìbọn yín ni."

Ó jókòó sílẹ̀. "Ẹ̀tù nìkan ni mo rí i tí wọ́n ki sí i."

"Bàbá yín ti ki ọta sí i kí àìsàn tó dá wọn dúbúlẹ̀. Kò sẹ́ni tó kàn án látìgbà yẹn. Orí ọta yẹn ni wọ́n ki ẹ̀tù tuntun lé, ó sì dà bíi pé ti ìsàlẹ̀ pẹ̀lú gbiná."

Ó fọwọ́ bo ojú. Mo rò pé ó máa ní kí n jáde. Ó dìde, ó wá bàtà rẹ̀. "Èmi ni mo yìn ín. Ẹ jẹ́ ká lọ kí wọ́n tó gbé Bàbá lọ sí kóòtù."

Ìsípẹ́kítọ̀ tò wọ́n sórí tábìlì, irin inú ìgò àti àwọn tá a mú wá. Ó wò wọ́n fúnra rẹ̀. Ó ní dókítà ti sọ pé aránṣọ náà kò ní kú, ṣùgbọ́n pé ẹsẹ̀ yẹn kò ní tẹ ẹ̀rọ mọ́. Lẹ́yìn náà ló ní kí wọ́n mú Bàbá jáde, kí àkọ́bí olóògbé sì bọ́ bàtà àti bẹ́líìtì rẹ̀ sílẹ̀.

Ìyá mi, tó ti gbé oúnjẹ wá fún Bàbá, kúnlẹ̀ nígbà tí Bàbá yọ. Bàbá ò rí i. Ọkùnrin tó ń tú bẹ́líìtì ló ń wò.

"Ta ló ní kí ọmọ yìí wá síbí?"

"Ọmọ yín ló wádìí ọ̀rọ̀," ni ìyá mi wí, pẹ̀lú ẹ̀rín. "Ìwé tó ń kà ló yọ yín."

Bàbá fà mí lọ́wọ́ jáde síta, a jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú téṣàn. Ó ní kí n sọ bó ṣe jẹ́. Mo sọ ọ́ wéréwéré, róòdù, ṣísẹ́lì, ìlà, mo tiẹ̀ yọ awò mi kó rí i. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ láìdá mi dúró.

"Òótọ́ ni gbogbo ohun tó o sọ," ó ní. "Ìwé yẹn dáa. Bí a bá fẹ́ yìnbọn níbi ìsìnkú ọdẹ, iṣẹ́ ọ̀tún olórí ọdẹ bíi tèmi ni kó ti ọ̀pá bọ ẹnu ìbọn kọ̀ọ̀kan, kó tó ki ẹ̀tù sí i. Bí ọ̀pá ò bá délẹ̀, nǹkan wà nínú rẹ̀ nìyẹn. Mo ti ọ̀pá bọ ti gbogbo àwọn yòókù. Mo wá kan ti ọ̀rẹ́ mi. Mo rí ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ti máa ń di igi ìbọn náà mú, tó ti dán. Omi bọ́ lójú mi. Mi ò ti ọ̀pá bọ̀ ọ́, mo kàn ki ẹ̀tù sí i, mo gbé e lé ọmọ náà lọ́wọ́. Kí ni kó mọ̀ nípa ìbọn?"

Ó ti mọ̀ látọjọ́ tí èéfín ti ká, èmi sì ń sá kiri pé ìmùlẹ̀ ló pa á lẹ́nu mọ́. Ojú tì mí, ó sì dùn mí wọra, torí mi ò rí ibi tí màá gbé awò yẹn sí láti rí irú èyí.

Bàbá dìde, ó padà wọlé. Láti orí bẹ́ǹṣì, mo rí i tó bẹ̀rẹ̀ níwájú tábìlì, tó ń bọ́ bàtà rẹ̀.

Ìsípẹ́kítọ̀ ní, "Bàbá, a ti fi yín sílẹ̀. Ẹ máa lọlé."

"Mo gbọ́," ni Bàbá wí. "Ẹ jẹ́ kí ọmọ náà lọ."