Erùpẹ̀ Inú Ọkọ̀ Àtijọ́

Ẹni tí kò bá mọ ọ̀dọ̀ wa lè fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ bí mo bá sọ pé erùpẹ̀ wà lára ohun tí à ń gbé bọ̀ láti ọjà. Ní abúlé wa létí òkun Ìlàjẹ, orí òpó ni ilé wa wà, orí afárá pákó là ń rìn, ohun tó sì wà nísàlẹ̀ kì í ṣe ilẹ̀ tí èèyàn lè gbin ata sí. Bí obìnrin bá fẹ́ ata àti tẹ̀tẹ̀ lẹ́yìnkùlé rẹ̀, àfi kó bu erùpẹ̀ sínú àpò ní Ìgbókòdá, kó gbé e sínú ọkọ̀ ojú omi, kó sì tù ú wálé. Bí ọkọ̀ bá sì ti gbó débi pé kò ṣeé lẹ̀ mọ́, a kì í fi dáná. Wọ́n á fà á sókè sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, wọ́n á da erùpẹ̀ kún inú rẹ̀, ó di oko.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó tọ́ mi dàgbà ní irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kan. Òun ni olóògbé ọkọ rẹ̀ fi pẹja ní gbogbo ayé rẹ̀. Ọjọ́ ọjà kọ̀ọ̀kan, àpò erùpẹ̀ kan. Ó tó ọdún mẹ́ta kó tó kún. Bí ẹ̀kúnwọ́ kan bá dà sórí pákó, ó máa ń fi ìgbálẹ̀ gbá a jọ padà. Èmi náà bá a gbé nínú àpò yẹn nígbà tí mo wà ní kékeré. Mo ń sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé n kò ní àwáwí pé n kò mọ ohun tí mo ń ṣe.

Nígbà tí mo kàwé tán, tí mo ń gbé ní Àkúrẹ́, mo rí iṣẹ́ kan tí inú mi dùn sí gan-an. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ láti orílẹ̀-èdè bíi mélòó kan pawọ́ pọ̀ pẹ̀lú àwọn tiwa níbí. Gbogbo wọn ló wá láti ibi tí omi òkun ti ń ba ilẹ̀ oko jẹ́, ohun tí ẹnì kan bá sì ti rí ṣe lọ́dọ̀ tirẹ̀, ó fẹ́ fi kọ́ àwọn yòókù. Wọ́n á bu erùpẹ̀ oko ní abúlé kọ̀ọ̀kan, wọ́n á fi ránṣẹ́ sókè òkun láti yẹ iyọ̀ inú rẹ̀ wò. Abúlé tí iyọ̀ bá ń yọ lẹ́nu ni wọ́n máa bá ṣiṣẹ́. Wọ́n á kọ́ wọn bí a ṣe ń mọ ebè gíga àti bí a ṣe ń la ojú ọ̀nà fún omi òjò kó lè fọ iyọ̀ lọ, wọ́n á sì fún wọn ní irúgbìn tó lè fara da iyọ̀. Èmi ni ògbufọ̀, èmi náà sì ni mo ń bu erùpẹ̀. Ìlànà tí wọ́n fún mi kò le rárá: inú oko gan-an, ojú mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí n sì kọ ibi tí mo ti bù ú sára ọ̀rá.

Àwọn obìnrin abúlé wa ní oko ẹ̀gẹ́ kan lẹ́yìn abúlé, níbi tí ilẹ̀ ti ga díẹ̀. Láti ìgbà tí òkun ti ya wọ odò ni ewé ẹ̀gẹ́ ibẹ̀ ti ń pọ́n, tí ìdí rẹ̀ kò sì ju ìka ọwọ́ lọ. Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n á fi ṣe pupurú, Ìgbókòdá ni wọ́n ti ń lọ rà á. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni olórí wọn. Nígbà tí mo pè é lórí fóònù pé à ń bọ̀, ariwo ló fi bọ̀ mí létí: "Ọma mi, oko wa máa yè!"

Ọ̀sán ti pọ́n kí a tó dé ibẹ̀ lọ́jọ́ náà, nítorí a ti kọ́kọ́ yà sí Awóyè àti àwọn abúlé mìíràn. Omi ti fà. Ọkọ̀ kò lè dé oko mọ́. Ẹrẹ̀ ló kù, ẹrẹ̀ dúdú tó ń rùn. Àwọn àlejò jókòó sí gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn obìnrin ń gbé ẹja yíyan fún wọn, wọ́n ń kọrin. Ọ̀gá wa, obìnrin kan láti Bangladẹ́ṣì tí bàbá tirẹ̀ náà jẹ́ àgbẹ̀ létí òkun, ní òun fẹ́ tẹ̀ lé mi. Mo ní kí wọ́n má ṣèyọnu, pé ẹrẹ̀ náà máa mu èèyàn dé itan. N kò tíì tẹ ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ o. Orí afárá ni mo ti wò ó.

Ṣé kí n sọ òótọ́? Ṣòkòtò tuntun ni mo wọ̀, bàtà mi sì funfun. Àwọn tí a jọ dàgbà ti ń pè mí ní ọ̀gá láti ìgbà tí a ti gúnlẹ̀, n kò sì fẹ́ kí wọ́n rí mi kí n máa ti inú ẹrẹ̀ bọ̀ bí ẹni tó lọ wá akàn. Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, bí àlejò bá dé, ohun tó dáa jù nínú ilé là ń gbé síwájú rẹ̀. Ojú ń tì mí láti gbé ẹrẹ̀ olóòórùn fún àwọn tó ti òkè òkun wá. Mo bá gba ẹ̀yìn ilé ẹ̀gbọ́n ìyá mi lọ.

Màmá, bí mo ṣe máa ń pe ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ń já ata lọ́wọ́ nínú ọkọ̀ àtijọ́ náà.

"Màmá, ẹ jẹ́ kí n bu díẹ̀ nínú erùpẹ̀ yín."

"Ṣé kì í ṣe ti oko ni wọ́n bá wá?"

"Ibẹ̀ ni mò ń lọ, Màmá. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bu èyí."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn ṣa ewé gbígbẹ kúrò lójú ibi tí mo fẹ́ bù. "Bu èyí tó dúdú dáadáa, kí wọ́n má baà sọ pé ọ̀lẹ ni wá." Mo bu ti iwájú ọkọ̀, mo bu ti àárín, mo bu ti ìdí. Nígbà tí mo yà sí kọ̀rọ̀, mo kọ "oko àwọn obìnrin" sára ọ̀rá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Lẹ́yìn náà mo dúró díẹ̀, kó lè dà bíi pé mo rìn jìnnà.

Nígbà tí èsì dé, a ṣe ìpàdé lórí kọ̀ǹpútà, oníkálukú láti orílẹ̀-èdè tirẹ̀. Oko abúlé tó wà lápá ọ̀tún wa kún fún iyọ̀, ti apá òsì náà bẹ́ẹ̀. Tiwa nìkan ló dára. Obìnrin Bangladẹ́ṣì yẹn fi pẹ̀lẹ́ béèrè lọ́wọ́ mi pé kí ló lè fà á, ṣé mo mọ nǹkan kan nípa ibẹ̀ tí àwọn kò mọ̀. Ibí yìí gan-an ni ẹ̀ṣẹ̀ mi ti di ńlá. Ká ní mo jẹ́wọ́, wọn ì bá bínú sí mi, bóyá wọn ì bá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n wọn ì bá tún un bù. Mo ní mo rò pé odò tó ń ṣàn kọjá níbẹ̀ ló ń fọ iyọ̀ rẹ̀. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n sì yọ abúlé wa kúrò.

Èmi náà ni wọ́n ní kí n mú lẹ́tà lọ. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn obìnrin pé ilẹ̀ wọn dára, pé àwọn tí tiwọn kò dára ni wọ́n máa ràn lọ́wọ́. Ẹnì kan béèrè pé kí ló wá ń pa ẹ̀gẹ́ àwọn. Mo sáré na lẹ́tà náà sí wọn. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ló gba lẹ́tà náà, tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri pákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò ọkọ rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá wọlé, á fi hàn án pé erùpẹ̀ òun náà wà nínú èyí tó lọ sókè òkun, ó sì yege.

Láàárín ọdún méjì, ebè gíga ti tò lọ rẹrẹẹrẹ ní abúlé méjèèjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ewé ẹ̀gẹ́ ibẹ̀ sì tutù yọ̀yọ̀. Àwọn obìnrin wa ń tukọ̀ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko tiwọn tó ti kú láti lọ ra ẹ̀gẹ́ níbẹ̀. Èmi wá di ẹni tí kì í lọ sílé lọ́wọ́ òfo. Àpò erùpẹ̀ méjì ni mò ń gbé dání nígbàkigbà. Màmá á ní, "Ṣé erùpẹ̀ mi tó yege lo tún fẹ́ fi òmíràn bà jẹ́?" Gbogbo ilé á rẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín.

Ohun tó là mí lẹ́nu ni ọ̀rọ̀ kan tí Màmá sọ nígbà tí mo lọ kẹ́yìn. A jókòó, wọ́n ń ṣa edé. Wọ́n ní àwọn fẹ́ fi ipò olórí sílẹ̀.

"Kí ló dé, Màmá?"

"Àwọn tó mọ̀wé ti sọ pé ilẹ̀ wa dára. A jẹ́ pé ọwọ́ wa ni kò dára nù un. Èmi ni mo ń kó wọn lọ sóko láti ọjọ́ yìí. Èmi ni mé è mọ uṣẹ́."

N kò lè gbà á mọ́ra. Mo dọ̀bálẹ̀ síbẹ̀, láàárín edé, mo sọ ọ́ tán: ọ̀rá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bàtà funfun, ìpàdé orí kọ̀ǹpútà, irọ́ odò. Wọn kò bú mi. Ì bá dùn mọ́ mi ká ní wọ́n bú mi. Wọ́n dìde, wọ́n já lẹ́tà náà kúrò lára ògiri, wọ́n ká a, wọ́n sì fi lé mi lọ́wọ́.

"Àwọn èèyàn yẹn, o ṣì lè bá wọn sọ̀rọ̀?"

"Mo lè kọ̀wé sí ọ̀gá wa, Màmá."

"Kọ ọ́ níṣojú mi."

Mo kọ ọ́ lórí fóònù, mo sì kà á fún wọn. Èsì rẹ̀ dé kí ẹja tó wà lórí iná tó jiná. Obìnrin náà ní òun kò ní lè bá mi ṣiṣẹ́ mọ́. Ó ní àyè abúlé tí àwọn lè ràn lọ́wọ́ ti kún, òun kò sì lè ṣèlérí, ṣùgbọ́n kí n bu erùpẹ̀ oko náà bó ṣe yẹ kí n bù ú, kí n ya fọ́tò ibi tí mo ti bù ú, òun á gbé e síwájú àwọn yòókù.

Kí n tó túmọ̀ rẹ̀ tán, Màmá ti ká ìró sókè, wọ́n ti mú abọ́, wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà. Omi ti fà, bíi ti ọjọ́ yẹn gẹ́lẹ́. Mo pariwo pé, "Màmá, ẹ dúró, ẹrẹ̀ yẹn máa mù yín dé itan!"

Wọn kò wẹ̀yìn. "Bọ́ bàtà rẹ, o jàre."

Mo bọ́ ọ, mo tẹ̀ lé wọn. A rìn dé ìbẹ̀rẹ̀ oko, a rìn dé àárín, a rìn dé òpin rẹ̀, a bu ojú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹrẹ̀ náà kò dé orúnkún wa.