Ìyàwó Ló Ń Sọ Ọmọ Ilé Lórúkọ

Ohun tó mú mi kórìíra kọ́míìkì ìyàwó àbúrò mi ni pé gbogbo akọni inú rẹ̀ ló sọ ara wọn lórúkọ. Ọ̀kan ní Ìjì Líle lòun, òmíràn ní òun ni Ọba Ọ̀sà. Wọ́n á wọ ṣòkòtò tó fún mọ́ wọn lára, wọ́n á fò láti Àgbádárìgì dé ẹnu ibodè, wọ́n á lu olè ní àlùbami, lẹ́yìn náà wọ́n á jókòó ti ara wọn, wọ́n á ní, "Ẹbí ni wá." Ẹbí wo?

Àwọn oníkọ́míìkì kan l'Ékòó ló ń sanwó iṣẹ́ náà fún un. Ègùn ni ìyàwó náà, Gbaji ló ti wá. Àtàárọ̀ ló máa ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé bàbá wa ní Apá, tí yóò máa ya àwòrán sójú fóònù ńlá kan. Mi ò ní purọ́, ọmọ náà mọ àwòrán yà. Kò kàn mọ ohun tí ẹbí jẹ́ ni.

Ṣùgbọ́n ohun tó ń dùn mí gan-an kò sí nínú kọ́míìkì. Ọdún tí wọ́n gbé e wọlé náà ni mo kó ẹrù mi kúrò nílé ọkọ, tí mo padà sílé bàbá mi. Dálémosú. Kò sẹ́ni tó pè mí bẹ́ẹ̀ lójú mi, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó wà lẹ́nu wọn. Ìyàwó kì í pe ọmọ ilé ọkọ lórúkọ, kódà kó jẹ́ àná ni wọ́n bí i. Ó ní láti wo kálukú, kó sì fún un ní orúkọ tirẹ̀. Kí oṣù tó parí, àbúrò wa kan ti di Akọ̀wé, àbíkẹ́yìn wa ti di Eyínfúnjowó, àwọn méjèèjì sì ń jẹ́ ẹ bí ẹni jẹ oyè. Èmi nìkan ni "Àǹtí," bí ẹni ń pe ẹni tó ń ta tòmátò lẹ́bàá títì. Ó dùn mí wọra. Bí ìyàwó ilé kò bá kà ọ́ mọ́ ọmọ ilé, àlejò ni ọ́ nílé bàbá rẹ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó gbé fóònù náà wá bá mi.

"Àǹtí, àwọn ọ̀gá mi dá iṣẹ́ yìí padà. Wọ́n ní àwọn akọni mi ò jọ ẹbí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó."

Mo wò ó. Wọ́n ń jẹun nídìí tábìlì, wọ́n ń rẹ́rìn-ín síra wọn bí àwọn tó ń polówó ọṣẹ ìfọyín.

"Ta ló sọ wọ́n lórúkọ?"

"Àwọn fúnra wọn ni."

"Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù lo yà, kì í ṣe ẹbí. Mú ẹnì kan wọlé láti ìta, kó wo ìwà wọn dáadáa, kó sọ kálukú ní orúkọ tó bá a mu. Kó dun ẹlòmíràn nínú wọn. Ìyàwó ló ń sọ ọmọ ilé lórúkọ, tí ìyàwó bá mọ iṣẹ́ ẹ̀."

Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn yé e. Ó wolẹ̀.

"Àǹtí, ó ti pẹ́ tí mo ti sọ yín lórúkọ. Ẹ̀rù yín ló ń bà mí."

"Kí ni mò ń jẹ́?"

"Ayínmú."

Màmá mi bú sẹ́rìn-ín nínú yàrá. Ìgbà náà ni mo mọ̀ pé ohun tí gbogbo wọn ti ń pè mí ní ilé ìdáná nìyẹn. Orúkọ burúkú, ó sì bá mi mu. Mo fẹ́ bínú, ṣùgbọ́n omi ti lé sí mi lójú.

"Pè é sókè," mo ní, "kí àwọn ará ilé kejì gbọ́."